Èéfín Arúgbó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹrin

Ìwé tuntun. Ti tẹ́lẹ̀ kún lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ló sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo fẹ́ kí èyí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan mìíràn. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Arúgbó.

Arúgbó, ìyẹn ààrò tí a fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, tún dójú tì mí lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo da hóró pákó, ìyẹn ìyẹ̀ pákó tí wọ́n tẹ̀ di hóró kéékèèké, sínú àpótí rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo tan án, mo gbé èjìká ẹlẹ́dẹ̀ lé e ní kùtùkùtù, mo yí ọwọ́ ìwọ̀n ooru síbi tó yẹ kó wà. Iṣẹ́ tèmi parí níbẹ̀. Irin tó ń yí nínú rẹ̀ ló yẹ kó máa ti hóró díẹ̀díẹ̀ sínú iná, kí fáànù máa fẹ́ ẹ, kí ooru dúró sójú kan títí ẹran á fi rọ̀. Bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ nìyẹn. Arúgbó ò ka ìwé náà. Ó ròkè, ó já wálẹ̀, ó kú fúnra rẹ̀ nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún un tàn, ló bá ń rú èéfín bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí ẹran dé orí tábìlì, ó dúdú bíi bàtà iṣẹ́ mi.

Dub ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Verlene ìyàwó mi ni. Onígi ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi, torí igi híkórì gidi ló fi ń yan ẹran tiẹ̀, nínú táǹkì epo àtijọ́ kan tó fúnra rẹ̀ gé, tó sì jó pọ̀. Lójú rẹ̀, hóró pákó, oúnjẹ adìyẹ ni. Ó wo ẹran mi, ó wò mí. "Àna, ṣé ẹran rèé, àbí ohun tí wọ́n yọ nínú ilé tó jóná?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Verlene jẹ ẹ́ ju bó ṣe máa ń jẹun lọ, díẹ̀ ni ó fi jù. Àánú mi ló ń ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹrin

Ó ṣòro láti má kọ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Èmi àti Verlene lọ sí ilé ìwòsàn ní Columbia láàárọ̀. Ìtànṣán tí wọ́n fi jó jẹjẹrẹ ọ̀fun rẹ̀ ti parí láti oṣù kìíní. Jẹjẹrẹ lọ, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mú ẹnu V. lọ pẹ̀lú. Kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Ẹyin, búrẹ́dì, ọbẹ̀ tòmátì, áísìkrímù, gbogbo rẹ̀, ó ní páálí tútù ni. Ta ló máa jẹ páálí yó?

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn níbẹ̀ — Obìnrin Ìwọ̀n — ní kó gun ìwọ̀n. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó máa ń bẹ ìwọ̀n náà wò bí ẹni pé ó lè yí ọkàn padà. "Ẹ tún ti rù sí i, mà." Ó ní tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà, tí ara rẹ̀ ṣì ń dínkù báyìí, wọ́n á ní láti ti rọ́bà bọ ikùn rẹ̀ láti ìta, kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ wọlé.

V. bi í bóyá ẹnu rẹ̀ máa padà. Ó ní ó máa ń padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún àwọn mìíràn kì í padà tán. Àwọn ò lè dá ọjọ́.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe kọjá odò, V. yíjú sí mi. Ó ní, "Mi ò ní gba rọ́bà, Royce." Mo ní ó ṣì di oṣù kẹfà. Ó ní, "Ṣé mo bi ọ́ nípa oṣù ni?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹrin

Mo lọ wo ààrò tuntun kan ní ilé ìtajà, Ọmọ Ọba ni mo ń pè é.

Ara rẹ̀ nípọn ní ìlọ́po méjì ti Arúgbó, ìdérí rẹ̀ ń pa dé pẹ̀lú ìró kan tó rọra bíi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ olówó. Ooru rẹ̀ kì í ròkè, kì í já wálẹ̀; fóònù rẹ á máa sọ fún ọ bí inú ẹran ṣe gbóná tó, ìwọ á sì máa ti orí ìjókòó pàṣẹ fún un. Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Ẹ gbé ẹran lé e, ẹ lọ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ pè mí kẹ́ ẹ wá dúpẹ́." Ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ìrántí àwọn Ọmọ Ogun, ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Pẹ̀lú ẹ̀dínwó náà, owó rẹ̀ ṣì ju ti ọkọ̀ tí mo fi ń gbé Verlene kiri nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ lọ.

Èrò mi nìyí: bí ẹran bá rọ̀ dáadáa, bí omi ara rẹ̀ kò bá gbẹ, bóyá á wọ ọ̀fun rẹ̀. Bóyá ẹran tó péye máa rí ọ̀nà gbà.

Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè nígbà tí mò ń wakọ̀ bọ̀. Ṣé òun ni mo fẹ́ ra á fún? Àbí mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà ní ilé yìí tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu?

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹrin

Mo bi V. lórí Ọmọ Ọba. Ó ń ká aṣọ. "Tó bá wù ọ́, rà á." Mo ní òun ni mo ń rò. Ó ní, "Má fi mí bojú o. Tó o bá fẹ́ ohun ìṣeré tuntun, sọ pé o fẹ́ ohun ìṣeré tuntun." Kò bínú. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́, kí àwọn tó ní ẹnu máa dìbò.

Ohun kan wá sí mi lọ́kàn tí mi ò sọ fún un. Ọdún gbọọrọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé omi ìlú yìí, iṣẹ́ mi sì ni kí omi má ní adùn kankan. Bí omi bá ní adùn lẹ́nu ẹnì kan, wọ́n á pè mí lórí fóònù. Bí kò bá sí ẹni tó pè, a jẹ́ pé mo ṣe iṣẹ́ rere. Èmi yìí ni mo wá ní ìyàwó tí gbogbo nǹkan ti dà bí omi mi lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹrin

Ìwọ̀n ilé ní V. tún dínkù. Mo ní kó má gùn ún mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń gùn ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹrin

Garth Ostrander, aládùúgbò wa — Oní-fóònù — ti ra Ọmọ Ọba láti ọdún tó kọjá. Irú èyí tí mo wò gẹ́lẹ́. Ó gbọ́ pé mo ń rò ó láti ra òmíràn, ló bá ní kí n má ra ohun tí mi ò tíì dán wò, kí n gbé ẹran mi wá sí ẹ̀yìnkùlé òun lónìí.

Mo gbé èjìká ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Mo ti fi iyọ̀, ata àti ṣúgà pupa pa á lára láti àná. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iṣẹ́ kankan mọ́. A jókòó. A mu bíà. Mo ní kí n ṣí ìdérí kí n wò ó, Garth sì fò dìde: "Má ṣí i o! Fóònù ti bá wa wò ó!" Ó gbé fóònù náà sí mi lójú. Ìlà kan ló wà lójú rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ oko ìpínlẹ̀ Kansas tí kò ní òkè. Kò sí èéfín tó ń jáde tí èèyàn lè fojú rí. Garth ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé iná tó mọ́ kì í rú. Ó ní, "Arúgbó rẹ yẹn, iná rẹ̀ ò mọ́. Ìdọ̀tí lo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi."

Ẹran náà pé. Mi ò ní purọ́ fún ìwé. Ó pọ́n bí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, egungun rẹ̀ yọ fúnra rẹ̀, omi ara rẹ̀ kò gbẹ, ó dùn. Garth jẹ, ìyàwó rẹ̀ jẹ, èmi náà jẹ àjẹtúnjẹ. Mo fa ti V. ya wẹ́wẹ́, mo da omi ẹran lé e kó lè yọ̀ wọ ọ̀fun.

Ẹnu fọ́ọ̀kì méjì péré ni V. jẹ. Lẹ́yìn náà ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ kàn mí lápá. "Ó dára, Royce."

Mo ti mọ "ó dára" yẹn. Ó sọ ọ́ fún ẹyin, ó sọ ọ́ fún oògùn, ó sọ ọ́ fún táì dókítà.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹrin

Onígi mú mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti gbọ́ ibi tí mo wà lánàá. Ní ìlú yìí, kí ọ̀sán tó pọ́n ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń kárí. "Wọ́n ní o lọ fi fóònù yan ẹran." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ẹran náà gbé fóònù, àbí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ló dáhùn?" Mi ò lè má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ó bi mí bóyá àbúrò òun jẹun. Mo ní díẹ̀. Ó yọ fìlà, ó tún un dé. Kò tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹrin

Mo ti pe ilé ìtajà. Mo ní kí wọ́n fi Ọmọ Ọba kan pamọ́ fún mi, màá wá gbé e kí ẹ̀dínwó tó parí.

Kò bọ́gbọ́n mu, mo mọ̀. Gbogbo ẹnu tó tọ́ ẹran yẹn wò ló gbà pé ó dára ju tèmi lọ, àfi ẹnu kan, ẹnu kan yẹn sì ni mò ń dáná fún. Síbẹ̀ mo pè wọ́n. Bí èèyàn bá ti dúró pẹ́ láìrí nǹkan kan ṣe, ohunkóhun tó bá ti jọ nǹkan ló máa ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù karùn-ún

Páálí. Páálí. Páálí. (Ọ̀rọ̀ V. ni, nídìí tábìlì, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó fi kọrin.)

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù karùn-ún

Kí n kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo fẹ́ lo hóró tó kù nílé tán kí n tó gbé Arúgbó lọ jù sí ààtàn ìlú. Mo ra èjìká ẹlẹ́dẹ̀ kan tí kò wọ́n. Nígbà tí mo máa dé ìsàlẹ̀ àpò, òjò ọjọ́ Ẹtì ti wọ inú rẹ̀. Hóró tí omi bá kàn, á wú, á sì tú di ìyẹ̀ pákó padà. Kò sí ẹni tó ń lo irú ààrò yìí tí wọn ò tíì kìlọ̀ fún. Mo ṣa èyí tó ti di ẹ̀kọ jù nù. Ìyókù ní ọ̀rinrin lára, mo mọ̀, mo sì dà á sínú àpótí. Mi ò bìkítà. Ó ti ń lọ ààtàn.

Kò jó. Ó ń rú. Èéfín funfun, tó nípọn, ń yọ lójú ihò èéfín, ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí, ó wọ́ lọ sórí ọgbà, ó bo aṣọ tí ìyàwó Garth sá. Garth ké láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀: "Royce! Èéfín funfun Róòmù rèé, ṣé wọ́n ti yan póòpù ni?" Mo ní wọ́n ṣì ń dìbò.

Ó ṣe báyìí títí ọjọ́ fi rọ̀. Lẹ́yìn náà irin tó ń yí há pátápátá, ìyẹ̀ pákó ti dì mọ́ ọn bíi símẹ́ńtì. Mo gbé ẹran wọlé, mo parí rẹ̀ nínú ààrò ilé ìdáná. Nígbà tó rọ̀, mo tọ́ ọ wò. Ó korò. Bí ẹni fi ahọ́n lá ihò èéfín. Mo fi sínú páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì fún ajá Dub, mo lọ wẹ̀.

Mo jáde, aṣọ ìnura lọ́rùn. V. dúró nídìí síńkì. Kò mú àwo. Kò mú fọ́ọ̀kì. Ìka ló fi ń já ẹran nínú páànù, ọ̀rá ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó yíjú padà bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Royce, mo mọ ohun tí mò ń jẹ."

Mo bi í pé kí ni. "Èéfín. Ẹran. Mi ò mọ̀. Ó sáà jẹ́ nǹkan." Ó tún mú òmíràn. Mo dúró síbẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ lára mi. Ó jẹ títí ó fi ní òun yó. Ọ̀rọ̀ yẹn, "mo yó" — mi ò gbọ́ ọ láti ọdún tó kọjá.

Mi ò sọ fún un pé ti ajá ni.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù karùn-ún

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kó àwọn ìwé mi kalẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ nìyí, bó ṣe yé mi sí. Iṣẹ́ ahọ́n kò pọ̀: iyọ̀, adùn ṣúgà, kíkan, ìkorò, àti ọ̀kan tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Gbogbo ìyókù, ohun tó ń jẹ́ kí o mọ ápù yàtọ̀ sí píà, imú ló ń ṣe é, láti ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sókè, nígbà tí èèyàn bá ń jẹ lọ́wọ́. Ìtànṣán jó ahọ́n V. Kò dé imú rẹ̀. Èéfín kì í ṣe ti ahọ́n. Ti imú ni. Bóyá ohun tó kù fún un nìyẹn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí kò tì, èmi sì ti fẹ́ ra ààrò olówó ńlá tí kì í rú èéfín.

Bóyá. Mo kọ "bóyá" méjì, mo fi ọwọ́ sí i.

Ohun mìíràn tún wá yé mi. Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹran tó dúdú bíi bàtà, tí V. jẹ ju bó ṣe máa ń jẹun lọ. Àánú kọ́ ló ń ṣe é. Ebi ló ń pa á.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù karùn-ún

Mo pe ilé ìtajà pé kí wọ́n má fi Ọmọ Ọba pamọ́ mọ́. Ọkùnrin yẹn bi mí bóyá mo ti rí èyí tó dára jù ú lọ. Mo ní rárá, èyí tó burú jù ú lọ ni mo rí.

Ọjọ́rú, 10 oṣù karùn-ún

Onígi wá bá mi tú Arúgbó palẹ̀. A fi irin gún ìyẹ̀ pákó tó dì nínú rẹ̀ jáde, ó ń bú mi, ó ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó ń bú ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé kí wọ́n lọ igi tí Ọlọ́run dá di hóró. Mo jẹ́ kó bú tán. Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí síńkì fún un, mo sì ní mo fẹ́ kí ó kọ́ mi bí mo ṣe máa rí irú èéfín yẹn láìjẹ́ pé irin há.

Ó gbé irin sílẹ̀. "Àna. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí iná wọn mọ́. Mo ti lé ọmọ ìyá mi kúrò nídìí ààrò torí èéfín funfun. Ìwọ wá ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ba ẹran jẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó nu ojú. Ó ní èéfín ni. A ò tíì dáná nígbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ó kọ́ mi. Kí n fa ooru wálẹ̀ pátápátá, kí irin máa sinmi pẹ́ kó tó ti hóró mìíràn wọlé. Kí n fi èérún igi híkórì tó tutù sínú agolo, kí n gbé e ti iná. Kí n dí ihò èéfín dé ìdajì. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kéèyàn má ṣe. Ó gbé àpò èérún igi kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ rẹ̀. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ mi lo ti gbà á o. Orúkọ ni mo ní nílùú yìí."

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù karùn-ún

Columbia. V. ò dínkù. Kò pọ̀ sí i náà. Obìnrin Ìwọ̀n ní kó sọ̀kalẹ̀, kó tún un gùn.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù karùn-ún

Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Corinne ọmọ wa pè láti Tulsa. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ń jẹun. Mo gbọ́ ti V. láti yàrá kejì: "Bàbá rẹ ń fi ilé tó jóná bọ́ mi." Ó ń rẹ́rìn-ín. Corinne ní kó fún òun ní Dádì. Ó bi mí bóyá orí mọ́mì pé.

Mò ń yan án lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ báyìí. Ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ, kódà ẹyin. Mo fi wàràkàṣì sí i lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú makaróní, ó ní òun mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, "bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Irun mi ń rùn. Ní ibi iṣẹ́ wọ́n ní kí n máa jókòó lápá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù karùn-ún

Arúgbó kú lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Mo jí i lẹ́ẹ̀mejì. V. jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù karùn-ún

Ìwọ̀n V. pọ̀ sí i.

Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilé ìwòsàn ló sọ ọ́, kì í ṣe ti ilé. Obìnrin Ìwọ̀n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú tì í, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sápò. Ó bi wá pé kí la ń jẹ. V. ní kí n sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀: èéfín funfun, èérún igi tútù, ihò tí mo dí. Ó ní òun ò lè kọ "ẹran tí wọ́n bà jẹ́" sínú fáìlì. Ó kọ "ẹran rírọ̀, pẹ̀lú omi ẹran." Ó ní kí n má jẹ́ kó máa jóná ṣá, pé kò dáa fún ara. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, ìgbà yẹn ni wọ́n máa pinnu lórí rọ́bà.

Nígbà tí V. lọ wọ bàtà, ó tún sọ ohun kan fún mi, ó rọra sọ ọ́: "Ẹ tún rántí pé àsìkò yìí ni ẹnu àwọn mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà fúnra rẹ̀, sà. Ó lè máà jẹ́ èéfín."

Ó lè máà jẹ́ èéfín.

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé mi délé. Ní ibi iṣẹ́, mi ò lè sọ pé oògùn kan ló mú omi mọ́ láìjẹ́ pé mo bu omi láti páìpù kejì, èyí tí mi ò da nǹkan sí, kí n fi wé e. Òfin ni. Páìpù kejì wà níbí. Ọmọ Ọba Garth wà lójú ọgbà. Ká ní mo fẹ́ mọ̀, màá gbé ẹran lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá fún V. jẹ, màá wo fọ́ọ̀kì rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, àsìkò ni. Bí kò bá jẹ ẹ́, èéfín ni.

Mi ò ní ṣe é. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi bú àwọn tó ń sá fún ìbéèrè tó ní ìdáhùn. Mo wà lára wọn báyìí. Mi ò lè fi oúnjẹ V. ṣòfò, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù karùn-ún

Ọjọ́ Ìrántí. A fi àsíá kékeré sórí sàréè bàbá V. láàárọ̀, Dub dúró ṣánṣán bíi sójà títí a fi kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wa lọ sílé rẹ̀. Ẹran àyà màlúù ló gbé jáde nínú táǹkì rẹ̀, ẹ̀wà dídùn, kábéèjì, pòtétò. Mo gbé ti V. wá lọ́tọ̀, nínú àwo tí mo dé.

Garth rò pé ohun pàtàkì ni mo fi pamọ́. Ó na fọ́ọ̀kì sí àwo V., ó jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wá omi kiri. "Ọlọ́run mi! Verlene, ṣé o bá ọkọ rẹ jà ni?" V. fa àwo rẹ̀ mọ́ra. "Tèmi ni. Lọ jẹ ti fóònù." Dub rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kí a tó túká, Garth rán mi létí pé ẹ̀dínwó Ọmọ Ọba parí lónìí. Ó ní ẹni tó ní irú ẹran tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ wò yẹn nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ní ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́rú, 31 oṣù karùn-ún

Mo kọjá níwájú ilé ìtajà. Wọ́n ti dá owó rẹ̀ padà sókè. Mi ò yà.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kẹfà

V. kò gba àwo kejì lálẹ́ yìí. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ara òun le. Ó ń fi ahọ́n kan eyín rẹ̀, ó ń ronú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwọ̀n. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mò ń rò.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kẹfà

Ẹlẹ́dẹ̀ lónìí. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é, mi ò yí nǹkan kan padà. Ihò dé ìdajì, èérún híkórì Dub, Arúgbó ń rú bí ọjọ́ póòpù. Mo fà á ya, mo da omi ẹran lé e. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, torí afẹ́fẹ́ dára.

Ó fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó fi fọ́ọ̀kì tú ìyókù wò, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù síbẹ̀. Mo ti ń ka ọjọ́ sí ọjọ́ kẹjọ nínú ara mi.

"Royce."

Mo dáhùn.

"Ẹran yìí korò."

Ìkorò. Iṣẹ́ ahọ́n nìyẹn, kì í ṣe ti imú.

"Ó korò, mo ní. Èéfín nìkan ni. Kò sí iyọ̀ tó tó nínú rẹ̀ pàápàá." Ó ti àwo náà sẹ́yìn, inú ti ń bí i díẹ̀. "Ṣé ohun tí mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí nìyí? Tí ẹ̀ ń wò mí? Dub náà ń wò mí?" Ó mú tòmátì kan lára èyí tí ìyàwó Garth gbé wá, ó gé e jẹ, ó pa ojú dé, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣí ojú. Ó tún gé e jẹ. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí Arúgbó tó ṣì ń rú lẹ́yìn mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ó yẹ kó o ra ààrò tuntun o jàre. Èyí tí fóònù ń darí yẹn. Mo rò pé o ní ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀?"

Mo ní ẹ̀dínwó ti parí.

"O wá ń wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó korò, Royce. Ṣé kí n purọ́ fún ọ ni?"

Èéfín tàbí àsìkò, mi ò ní mọ̀ láé. Mo ba páìpù kejì jẹ́ fúnra mi. Ọjọ́bọ̀ ni ìwọ̀n, kò sì bà mí lẹ́rù mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Ó rò pé etí mi ló ti ń di. Ó gbé ohùn sókè, débi pé Garth yọjú lójú ọgbà, ó tún un sọ fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ó, ko, rò.